Ẹ Má Tíì Ta Ẹ̀ńlájà Yẹn fún Onírin Àjákù

Láti ìgbà tí a ti sọ níbí pé a lè fi kámẹ́rà òde òní ya nẹ́gẹ́tíìfù àtijọ́ kó di fótò orí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà yín kò dáwọ́ dúró. Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. A ti ké àwọn lẹ́tà náà kúrú, kókó ọ̀rọ̀ la fi sílẹ̀.

Ìbéèrè, láti Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ fótò ni bàbá wa fi tọ́ wa. Wọ́n fi ẹ̀ńlájà kan sílẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ nẹ́gẹ́tíìfù di fótò ńlá lórí bébà, èyí tó ń gba nẹ́gẹ́tíìfù sẹ̀ǹtímítà 6×6, gílóòbù rẹ̀ ti jó, pẹ̀lú nẹ́gẹ́tíìfù tó kún páálí mẹ́ta, 35mm ló pọ̀ jù nínú wọn. Onírin àjákù ti wá dá iye lé ẹ̀ńlájà náà. Mo ní kámẹ́rà DSLR onísẹ́ńsọ̀ (ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà) APS-C, mẹ́gápísẹ́lì 24, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18–55 tó bá a wá. Ṣé ẹ̀ńlájà yìí ṣì lè wúlò, àbí kí n gbowó onírin?

Ìdáhùn

Ẹ má gbowó onírin. Òpó ẹ̀ńlájà yẹn nìkan ti ju iye tó máa dá lé e lọ: irin tó dúró ṣánṣán, tí kì í mì, tó ní ọwọ́ tí ẹ fi lè máa yí nǹkan lọ sókè àti sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà kan tàbí kò tó bẹ́ẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ lẹ nílò láti fi kámẹ́rà ya nẹ́gẹ́tíìfù láti òkè. Orí rẹ̀, níbi tí gílóòbù àti lẹ́ńsì wà, lẹ máa tú kúrò.

Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ yí i gòkè títí dé òkè òpó, kí ẹ sì fún ìdè rẹ̀ pinpin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńlájà ló ní sípíríǹgì tó ń bá èèyàn gbé orí tó wúwo yẹn. Bí ẹ bá tú orí kúrò nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀, sípíríǹgì á ta apá náà sókè bí ẹni yìnbọn, àgbọ̀n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló sì máa ń bá pàdé.

Ẹ gbé apá náà lọ fún wẹ́dà. Kó fi irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 5, tó fẹ̀ tó 40, ṣe ọwọ́ kan tó máa dè mọ́ ibi tí orí wà tẹ́lẹ̀, kí ìparí ọwọ́ náà sì dúró gbọnrangandan. Ara ibi tó dúró yẹn ni ìdí kámẹ́rà máa lẹ̀ mọ́, lẹ́ńsì á wá dojú kọlẹ̀. Ihò mìlímítà 6.5 ni kó lù fún bóòtù. Bóòtù yìí ni ká sọ̀rọ̀ lé dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba kámẹ́rà jẹ́. Bóòtù kọ́tà ínǹṣì ni ihò ìdí kámẹ́rà ń gbà, eyín 20 nínú ínǹṣì kan. Bóòtù sípánà 10 tó kún ọwọ́ gbogbo mẹkáníìkì, mìlímítà 6 nìyẹn. Wọ́n jọra lójú, ó tilẹ̀ máa wọlé fún bí ìyípo kan tàbí méjì kó tó há. Ẹni tó bá fi agbára yí i látibẹ̀ lọ ti jẹ eyín inú kámẹ́rà nìyẹn. Kí bóòtù tòótọ́ náà má sì wọ inú kámẹ́rà ju mìlímítà 4.5 lọ, bó bá gùn jù, ẹ fi wáṣà dín in kù.

Kámẹ́rà fúyẹ́ ju orí ẹ̀ńlájà lọ, nítorí náà sípíríǹgì á máa fẹ́ fà á gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fún ìdè kí ẹ tó ya èyíkéyìí, tàbí kí ẹ so àpò iyanrìn mọ́ apá náà títí tó fi máa dúró síbi tí ẹ bá fi í sí.

Ó ku ìmọ́lẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá gílóòbù míì fún un. Gílóòbù ẹ̀ńlájà, wáàtì 75 tàbí 150, máa ń gbóná débi pé nẹ́gẹ́tíìfù á wú láàárín, ojú rẹ̀ á sì kúrò níbi tí lẹ́ńsì ti mú un. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún pọ́n, búlúù inú rẹ̀ kò tó, èyí sì máa ń jẹ́ kí nẹ́gẹ́tíìfù aláwọ̀ yọ wóró-wóró níbi tó ṣókùnkùn. Pátákó LED pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n fi ń da àwòrán kọ, tó tó ojú ìwé A5. Ẹ wo CRI lára páálí rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an), kó má dín sí 95. Èyí tí wọn kò kọ CRI sí lára rárá, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ gbé LED náà sórí pátákó ìsàlẹ̀ ẹ̀ńlájà. Ẹ ní kí káfíńtà ṣe férémù kékeré tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 lé e, kí ẹ wá gbé irin pẹlẹbẹ méjì tó ń há nẹ́gẹ́tíìfù nínú ẹ̀ńlájà sórí férémù yìí. Wọ́n ti ṣe irin yẹn kó máa tẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù pẹrẹsẹ, kò sí ìdí láti ra òmíràn. Gíga férémù náà ni kì í jẹ́ kí eruku tó bà sórí LED tàbí wóró iná inú rẹ̀ hàn nínú fótò. Ẹ fi páálí dúdú bo gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ má sì wọ aṣọ funfun: ẹ̀yìn nẹ́gẹ́tíìfù ń dán, á ya òjìji yín mọ́ ọn.

Lẹ́ńsì 18–55 yín kò ní tó. Fèrèsé nẹ́gẹ́tíìfù 35mm, ìyẹn àyè àwòrán kan, fẹ̀ ní mìlímítà 36, sẹ́ńsọ̀ yín fẹ̀ ní nǹkan bí 23.5. Lẹ́ńsì yín gbọ́dọ̀ lè gbé nǹkan jáde ní ìlọ́po 0.65 kí nẹ́gẹ́tíìfù tó kún ojú sẹ́ńsọ̀. Lẹ́ńsì irú tiyín kì í sáábà ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra lẹ́ńsì makiró, èyí tí wọ́n ṣe fún yíya ohun kékeré láti ìtòsí. Bí kò bá sí, ẹ wo ẹnu ẹ̀ńlájà bàbá yín. Bó bá jẹ́ lẹ́ńsì 50mm ló wà níbẹ̀, tí kò bu nínú, tí ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ M39 (skúrúù tó fẹ̀ ní mìlímítà 39) bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ẹ ti ní lẹ́ńsì. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún náà ni láti mú ohun pẹlẹbẹ láti etí dé etí. Ẹ ra òrùka tó ń so M39 mọ́ ẹnu kámẹ́rà yín, pẹ̀lú èyí tí àwọn onífótò ń pè ní extension tube, ọ̀pá òfìfo tí kò ní gíláàsì nínú. Àròpọ̀ gígùn òrùka àti tube máa jẹ́ bíi mìlímítà 36 sí 39 lórí DSLR Canon tàbí Nikon. Lẹ́ńsì á wá jìnnà sí nẹ́gẹ́tíìfù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀.

Lẹ́ńsì yìí kò ní ohun tí a ń yí láti fi mú ojú nǹkan. Ọwọ́ ara òpó ẹ̀ńlájà lẹ máa fi mú un: ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe ń tóbi tó) tàbí ibi tó bá ṣí dé, ẹ gbé àwòrán sójú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 10, kí ẹ máa rọra yí ọwọ́ náà títí wóró-wóró fíìmù fúnra rẹ̀ fi máa hàn ketekete. Ẹ wò ó dáadáa, wóró fíìmù ni kí ẹ wò, ẹ má wo ojú èèyàn inú rẹ̀. Ojú lè ti fọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pa lẹ́ńsì dé f/8. Kó má kọjá f/11, torí fótò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò ní mọ́ kedere mọ́. Bí lẹ́ńsì náà bá ní fèrèsé kékeré tí nọ́ńbà f ti ń tan iná, ẹ fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ wọlé.

Ìyókù kò le: RAW (fáìlì kámẹ́rà tí kò tíì gba àtúnṣe), ISO 100, mánúwà, kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú-àáyá 2 fúnra rẹ̀ kó tó yà. Bí lẹ́ńsì bá ní ohun tó ń dá ìgbọ̀n dúró, ẹ pa á. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú nẹ́gẹ́tíìfù ni etí rẹ̀ tí kò sí àwòrán. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ apá ọ̀tún histogram (àwòrán tí kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) láìfi orí gbá a. Bó bá ti tò tán, fíìmù 36 kò yẹ kó gbà yín ju ìdá mẹ́rin wákàtí lọ. Fótò tó máa jáde jẹ́ 6000 × 4000, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ dé ínǹṣì 20 ní fífẹ̀, kó má sì fọ́.

Ìbéèrè, láti Ìsọ̀kùn, Iléṣà

Mo ti to tèmi, ẹ ṣeun. Àmọ́ ìlà dúdú-funfun kan ń gba àárín fótò kọjá, bí ìlà aṣọ òkè. Nígbà míì ó wà, nígbà míì kò sí. Èkejì, apá òsì fótò mọ́ kedere, apá ọ̀tún rọ̀.

Ìdáhùn

Ìlà yẹn, iná ló fà á. Iná ìjọba ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, LED tí kò ní ẹ̀rọ tó dára nínú á sì máa ṣẹ́jú nígbà 100. Bí kámẹ́rà bá yà á ní 1/200 ìṣẹ́jú-àáyá, ó lè ká a mọ́ ibi tó ti ń pajú dé. Ẹ lo 1/25 tàbí kó lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kúrò lórí electronic shutter (yíya fótò láìlo ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà), kí ẹ sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ LED wà ní òkè pátápátá, torí púpọ̀ nínú wọn, ṣíṣẹ́jú ni wọ́n fi ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Èyí tó dùn jù ni kí ẹ fi páwà báńkì gbé LED náà bó bá jẹ́ ti USB. Iná jẹnẹrétọ̀ burú ju ti ìjọba lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyára rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí ìlà náà fi ń wà tí kì í sì í sí.

Ní ti apá ọ̀tún tó rọ̀: kámẹ́rà yín fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi ìwọ̀n bíríkìlà wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè má tẹ́jú. Ẹ gbé dígí pẹlẹbẹ kékeré síbi tí nẹ́gẹ́tíìfù ń wà, ẹ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ẹ máa rí ojú lẹ́ńsì tó ń wo ara rẹ̀. Bí ihò dúdú yẹn bá wà ní àárín géérégé, ó ti tọ́. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká bébà, ẹ fi há abẹ́ férémù, ẹ fi kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́ títí tó fi máa padà sí àárín. Bébà A4 kan tí ẹ ṣẹ́ sí mẹ́rin máa ń yí i padà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bó bá jẹ́ pé àárín ló mọ́ tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: bóyá nẹ́gẹ́tíìfù ló ká, tàbí lẹ́ńsì tí ẹ lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ohun pẹlẹbẹ.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ya ọdún Ọlọ́jọ́ nígbà kan pẹ̀lú fíìmù aláwọ̀. Mo ti fi kámẹ́rà yà wọ́n. Nígbà tí mo yí àwọ̀ wọn padà nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fótò ṣe, aṣọ funfun àwọn èèyàn di bí omi aró. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn

Ẹ kò ṣe ohun tí kò dáa, ẹ kàn kánjú ni. Ẹ wo nẹ́gẹ́tíìfù aláwọ̀ ní etí tí kò sí àwòrán: ó pọ́n bí ọsàn. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sí i, torí àwọ̀ tó wà nínú fíìmù kò mọ́ délẹ̀, ọsàn yìí ló ń tún àléébù wọn ṣe nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Wọ́n ti ṣe bébà fótò kó mọ̀ nípa rẹ̀. GIMP kò mọ̀. Ó yí gbogbo rẹ̀ padà tọsàn-tọsàn, ọsàn tí a sì yí padà, búlúù ló ń dà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ọsàn kúrò. Nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àlàfo tó wà láàárín fèrèsé méjì, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti ìyára kan náà tí ẹ fi ya ìyókù. Fótò ọsàn lásán yìí ni òṣùwọ̀n yín. darktable àti RawTherapee, ètò kọ̀ǹpútà fún fótò RAW, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, ní ohun èlò tó wà fún iṣẹ́ yìí. Ti darktable ń jẹ́ negadoctor, ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2020. Ẹ pa filmic rgb tàbí sigmoid, èyíkéyìí tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí negadoctor, ẹ fi ìka àwọ̀ rẹ̀ mú ọsàn lásán yẹn fún D min (àwọ̀ fíìmù lásán), lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kó wá D max (ibi tó dúdú jù lójú nẹ́gẹ́tíìfù) láti inú fótò fúnra rẹ̀. Ẹ da ètò yìí kọ sórí gbogbo fótò inú fíìmù kan náà. Ẹ má dà á kọ sórí fíìmù mìíràn, kódà bí orúkọ wọn bá jọra: omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ooru tó ti jẹ, gbogbo wọn ló ń yí ọsàn padà.

Bí ẹ bá fẹ́ dúró sí GIMP, ẹ yí i padà tán, ẹ lọ sí Levels, kí ẹ sì tún pupa, ewé àti búlúù ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ fa etí òsì àti etí ọ̀tún wọn wọlé dé ibi tí òkìtì histogram wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń sú èèyàn ní fótò kẹwàá.

Láti mọ̀ bóyá àwọ̀ ti tọ́, ẹ má fi adé Arè dán an wò, ẹ má sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn dán an wò. Kò sí ẹni tó lè rántí bí pupa rẹ̀ ṣe pupa tó. Ẹ wá aṣọ funfun kan nínú èrò tí oòrùn kàn, tí ìṣẹ́po rẹ̀ ṣì hàn. Bí ìṣẹ́po yẹn bá jẹ́ eérú lásán, láìsí búlúù, láìsí pupa rẹ́súrẹ́sú, ó parí. Ara èèyàn lẹ máa wò kẹ́yìn.

Ìbéèrè, láti Iléṣà

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àpótí nẹ́gẹ́tíìfù ìgbéyàwó àti ìkórè tó ti pẹ́ lórí àjà. Nígbà tí a ṣí i, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra, àwọn kan ní nǹkan funfun lára bí òwú aláǹtakùn. Ẹnìkan ní ká fi sípírítì nù wọ́n.

Ìdáhùn

Ẹ dá ẹni náà dúró ná. Sípírítì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ní omi àti aró nínú. Ohun funfun yẹn jẹ́ ohun tó bu, oúnjẹ rẹ̀ sì ni jẹlátíìnì tó gbé àwòrán dúró. Jẹlátíìnì tó bá ti jẹ máa ń yọ́ sínú omi, ẹ lè nu ojú ìyàwó kúrò pátápátá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Isopropyl alcohol tó tó 99% ni kí ẹ wá, ẹ fi òwú rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nù ún sí apá kan ṣoṣo, láìyí i po, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn tó ń dán, kí ẹ sì pààrọ̀ òwú nígbà gbogbo. Asẹtóònù tí wọ́n fi ń pa àwọ̀ èékánná rẹ́ kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn. Á yọ́ fíìmù náà fúnra rẹ̀.

Òórùn ọtí kíkan yẹn, ara fíìmù ló ń bàjẹ́. Fíìmù asétéètì, irú ike kan, ni, ooru àti ọ̀rinrin ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, áásìdì tó sì ń jáde lára rẹ̀ ń mú kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tètè bàjẹ́. Kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, kí ẹ kó wọn kúrò nínú ọ̀rá, kí ẹ fi wọ́n sínú àpò ìwé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì ya fótò wọn kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọn tó kù. Èyí tó bá ti ń ká tàbí tó ń hunjọ ni kí ó kọ́kọ́ lọ sábẹ́ kámẹ́rà.

Àwọn tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fà wọ́n. Bí kò bá sí ohun funfun lára wọn, ẹ wá èyí tí kò ṣe pàtàkì, ẹ rì í sínú omi mímọ́ tó tutù, tí kò kọjá 24°C, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá yóò yà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìpínṣọ gbé e kọ́ sí balùwẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Bí ohun funfun bá wà lára èyí tó lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ tún wo etí wọn. Bí wọ́n bá kọ SAFETY síbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Fíìmù tó bá ti wà ṣáájú ọdún 1951 tí kò sì ní ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́ náítréètì, ìyẹn ń gbiná bí epo bẹntiróòlù, kò gbọdọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àjà tí páànù ń sun.

Ìbéèrè kúkúrú, láti Iléṣà: Ọyẹ́ ti dé, eruku kò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Eruku nìkan kọ́, afẹ́fẹ́ tó gbẹ ń mú kí fíìmù máa fa eruku mọ́ra bí mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi omi nu ilẹ̀ yàrá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ so aṣọ tútù mọ́ fèrèsé, ẹ pa fáànù. Rọ́bà tí a ń tẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i. Nínú oṣù Kejìlá àti Ṣẹẹrẹ, àwa á kúkú ní kí ẹ fi àwọn tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀ di ìgbà òjò.

Ìbéèrè kúkúrú, láti Ilé-Ifẹ̀: Lẹ́tà ara pátákó ṣọ́ọ̀bù inú fótò mi kọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn: Ojú tí kò dán lẹ ti fi kọjú sí kámẹ́rà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn yí fótò náà láti ọ̀tún sí òsì nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà yẹn, nọ́ńbà etí fíìmù ni kí ẹ máa wò: bí ẹ bá lè kà á láti òkè, ó ti wà bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè kúkúrú, láti Ilé-Ifẹ̀: Ṣé fóònù kò lè ṣe é?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe é láti fi mọ ohun tó wà nínú páálí. Ẹ gbé nẹ́gẹ́tíìfù sórí LED, ẹ fi fóònù yà á, ẹ yí àwọ̀ padà, ẹ kọ nọ́ńbà àpò rẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ti mọ èyí tó tó gbé sábẹ́ kámẹ́rà.

Ìbéèrè kúkúrú, láti Òkèrèwè: Àyè mélòó ni fótò wọ̀nyí máa gbà?

Ìdáhùn: RAW mẹ́gápísẹ́lì 24 máa ń tó MB 25 sí 30. Ẹgbẹ̀rún kan nẹ́gẹ́tíìfù, GB 30 ni. Bí ẹ bá sọ wọ́n di TIFF oníbíìtì 16 (irú fáìlì fótò tí kì í fún àwòrán pọ̀), ọ̀kọ̀ọ̀kan á di nǹkan bíi MB 144, nítorí náà ẹ fi TIFF mọ sí àwọn tí ẹ fẹ́ tẹ̀. Ẹ ra háàdì méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ní àdúgbò mìíràn, kí nọ́ńbà tí ẹ kọ sára àpò ìwé nẹ́gẹ́tíìfù sì jẹ́ nọ́ńbà kan náà tí ẹ fi pe fótò rẹ̀ nínú háàdì.